Ẹ Má Tíì Sanwó Bíréènì

Bó bá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ yín, tí sítáàtà ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ tí kò jí, tí ẹ wá pe riwáyà, tí kò sì tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní bíréènì ló lọ, ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò. Bíréènì ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kì í tètè kú. Àwọn nǹkan tó máa ń bà jẹ́ ṣáájú rẹ̀ pọ̀, owó ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tó nǹkan: kọ́kọ́rọ́, bátìrì, fíúsì, rìléè, wáyà ẹ́ẹ̀tì, sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bíréènì ló lówó lórí, òun náà sì ni ẹni tó ni ọkọ̀ kò lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ẹ̀bi tí kò ní ẹni tí yóò gbà á kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Nínú orí kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 1998 síwájú, chip kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kò ní bátìrì tirẹ̀. Wáyà kan tí wọ́n ká yí ẹnu ihò kọ́kọ́rọ́ po ló ń fi ìgbì rédíò fún un lágbára, tí chip náà yóò fi dáhùn. Àpótí immobiliser, tí ọ̀pọ̀ riwáyà wa ń pè ní síkiọ́rítì, ló ń gbọ́ ìdáhùn yìí. Bó bá mọ̀ ọ́n, yóò sọ fún bíréènì pé onílé ló dé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, bíréènì kò ní jẹ́ kí epo tàbí iná púlọ́ọ̀gì ṣiṣẹ́, bó ti wù kí sítáàtà yí tó. Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú rìmóòtù, ilẹ̀kùn ló wà fún. Lórí ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, ó lè kú pátápátá kí ọkọ̀ sì máa jí.

Àmì tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi hàn kò dọ́gba. Lórí Toyota, iná pupa kékeré kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó máa ń ṣẹ́jú bí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn kò burú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí ẹ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ tí iná náà sì kú, immobiliser ti gbà. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, kò mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn nìyẹn. Ti Honda jẹ́ àwòrán kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú. Volkswagen ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Golf 4 àti Passat ìgbà náà yóò jí, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, kó tó tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì ó ti kú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní epo ni kò débẹ̀. Yóò pààrọ̀ pọ́ǹpù, yóò pààrọ̀ fílítà, ọkọ̀ yóò sì máa jí, yóò sì máa kú. Bó bá ń jí tó ń kú lójú kan náà, ní gbogbo ìgbà, láìyẹ̀, síkiọ́rítì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ní irú Golf bẹ́ẹ̀. Èèpo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti fọ́, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ agékọ́kọ́rọ́ lábẹ́ afárá. Wọ́n gé irin tuntun fún un, wọ́n kó bọ́tìnnì rìmóòtù sínú èèpo tuntun tó ń dán, wọ́n sì da ti àtijọ́ sínú ike ìdọ̀tí. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì. Irin ń yí nínú ihò wẹ́rẹ́. Ọkọ̀ ń jí, ó ń kú. Riwáyà àkọ́kọ́ ní bíréènì ni, èkejì ní pọ́ǹpù epo ni. Ẹni kẹta, ọmọdékùnrin tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, ló béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo wọn ti béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èèpo ti tẹ́lẹ̀ dà?" Wọ́n padà sábẹ́ afárá, wọ́n tú ike ìdọ̀tí, wọ́n rí i. Ọmọ náà kò tilẹ̀ yọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ mú èèpo tó fọ́ yẹn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́, ó ní kí wọ́n fi irin tuntun yí i. Ẹ́ńjìnnì jí, kò sì kú mọ́. Chip ṣì lẹ̀ mọ́ igun èèpo àtijọ́, wọ́n kàn sọ ọ́ nù ni. Abẹ ìfárí ni wọ́n fi là á jáde, tí wọ́n sì gbé e sínú èèpo tuntun.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń pààrọ̀ èèpo kọ́kọ́rọ́, ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ sì fojú yín rí i pé chip ti kọjá sínú tuntun. Èèpo tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà ní chip nínú. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gé irin rẹ̀ nìkan yóò ṣí ilẹ̀kùn, kò ní jí ọkọ̀. Ẹ má sì so kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ méjì tó ní chip mọ́ òrùka kan náà. Chip kejì lè dí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tó bá ń dáhùn, ìdí nìyẹn tí ìwé ìlò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi kìlọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn nílé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá fi èyí jí, tó kọ̀ fún tọ̀hún, ọ̀rọ̀ bíréènì ti kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́, bátìrì ni. Bátìrì tó sinmi tó sì kún yẹ kó wà ní nǹkan bí fóltì 12.6. Nígbà tí sítáàtà bá ń yí, kò yẹ kó já wálẹ̀ ju nǹkan bí 9.6 lọ. Bó bá jábọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, sítáàtà lè ṣì máa yí ẹ́ńjìnnì kí bíréènì àti immobiliser sì ti pàdánù ara wọn. Bí ẹ bá síkáànì ọkọ̀ lásìkò yẹn, kóòdù yóò jáde rẹpẹtẹ, títí dé U0100, tó ń sọ pé àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọkọ̀ kò gbúròó bíréènì. Riwáyà aláìnísùúrù yóò na ìka sí U0100, ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn. Kóòdù yẹn kò sọ pé bíréènì kú o. Ó lè jẹ́ pé iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, ó lè jẹ́ wáyà tó já lójú ọ̀nà. Ẹ gba bátìrì tó dáa, ẹ so ó, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ tún síkáànì.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì náà ń dá wàhálà sílẹ̀, pàápàá lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀ rí. Ẹni tó tún un tò lè gbàgbé wáyà ẹ́ẹ̀tì kan, tàbí kó dì í mọ́ ibi tí ọ̀dà wà. Ẹ mú mítà fóltì, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sí orí òdì bátìrì, ẹ fi èkejì sí ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa yí sítáàtà. Bí mítà bá kà ju ìdajì fóltì lọ, wáyà ẹ́ẹ̀tì yẹn kò dáa. Mítà tí wọ́n ń fi ṣe èyí kò wọ́n, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní riwáyà kò fi ní ní i.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè wò láìgbé irinṣẹ́ kankan. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì yí sítáàtà. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Bó bá tàn, ó kéré tán bíréènì ń mí. Bí kò bá tàn, ó lè jẹ́ gílóòbù ló jó, àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé bíréènì kò gba iná rárá, fíúsì àti rìléè rẹ̀ ló sì kàn láti wò. Bí ìwọ̀nyí bá dára, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ wa. Bíréènì fúnra rẹ̀ ló ń pín iná fóltì 5 fún ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣọ́ọ̀tì, tàbí tí wáyà rẹ̀ bó tó sì kan irin, ó lè fa fóltì 5 yẹn wálẹ̀ fún gbogbo wọn, bíréènì yóò sì dùbúlẹ̀ bí òkú. Iná check engine kò ní tàn, ẹ̀rọ síkáànì kò ní rí i bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí riwáyà máa fa púlọ́ọ̀gì àwọn sẹ́ńsọ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní títàn. Bí iná check engine bá tàn lójijì bó ti yọ ọ̀kan, ẹ ti mú olè.

Àwọn Honda ti ẹ̀wádún 1990 ní àrùn tiwọn. Wọ́n ní rìléè kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fún pọ́ǹpù epo níná. Òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù máa ń sán bó bá pẹ́. Láàárọ̀ ọkọ̀ yóò jí dáadáa. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e sínú oòrùn ní wákàtí méjì, kò ní jí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i díẹ̀, yóò tún jí. Kò sí ohun tó kan bíréènì níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jó yóò tún òjé náà jó, ó tán.

Omi ló ń pa bíréènì ní tòótọ́, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Lórí Golf 4 àti Passat ìgbà yẹn, abẹ́ ike tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú ni wọ́n fi bíréènì sí, níbi tí omi òjò ń gbà kọjá. Ihò kéékèèké wà níbẹ̀ tí omi ń gbà sílẹ̀. Ẹ wá lọ máa gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ igi fúrúùtù lójoojúmọ́, ewé yóò wọlé, yóò rà, yóò dí ihò, omi òjò yóò sì kún ibẹ̀ bí agbada. Lórí Passat, omi náà máa ń rí ọ̀nà wọ inú ọkọ̀, á rin kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ èrò iwájú, ibẹ̀ sì ni wọ́n kó àwọn àpótí kọ̀ǹpútà mìíràn sí. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí, kó máa ṣí ike yẹn kó ewé kúrò kí òjò oṣù kẹfà tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ ilé ni.

Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ náà nílò ìkìlọ̀. Omi alágbára tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè dán, ẹnu wáyà ló ń wọ̀. Pánẹ́ẹ̀lìbítà ẹ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ jó irin lára ọkọ̀ tí wọn kò tíì tú orí bátìrì rẹ̀. Iná wẹ́dà ń wá ọ̀nà padà sílé rẹ̀, bíréènì sì lè wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tí wọ́n bá ń fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jí ọkọ̀ rẹ̀, kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé rere so mọ́ rere, òdì so mọ́ òdì. Ìṣẹ́jú-àáyá kan tó fún ìpalára.

Ṣé bíréènì kì í wá kú fúnra rẹ̀ rárá ni? Ó ń kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix tó tó mílíọ̀nù 1.13 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, èyí tó jẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 2005 sí 2008. Ohun tí wọ́n rí ni pé òjé tàbí ẹ̀yà kan lórí bọ́ọ̀dù bíréènì lè sán, kí ọkọ̀ má jí, kí jíà máa wọlé gìrì, tàbí kí ẹ́ńjìnnì kú lórí ìrìn. Corolla ọdún wọ̀nyẹn kò ṣọ̀wọ́n ní títì wa. Ẹni tó ní ọ̀kan, kó béèrè lórí ìkànnì Toyota pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáṣíì rẹ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀ kí ó tó gúnlẹ̀. Lórí ọkọ̀ mìíràn, kóòdù P0601 àti P0606 ni bíréènì fi ń fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Àwọn wọ̀nyẹn ni ẹ̀rí. Síbẹ̀ náà, ẹ wo bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe wò ó kí ẹ tó ra òmíràn. Òjé tó sán ṣeé tún jó.

Bó bá wá di dandan kí ẹ ra bíréènì bẹ́líjíọ́mù, ìyẹn àlòkù, yálà ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ní Àràrọ̀mí ní Agodi Gate n'Íbàdàn, nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ bá ti tuntun mu délẹ̀. Ti Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló sì ṣe pàtàkì jù. "Ó jọra" kò tó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bíréènì tó ti bá immobiliser ọkọ̀ kan dá majẹ̀mú kò ní gba kọ́kọ́rọ́ yín wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ ra odidi sẹ́ẹ̀tì tó ti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo wá: bíréènì, àpótí immobiliser, àti kọ́kọ́rọ́ tó ní chip. Bí kò bá sí sẹ́ẹ̀tì, ẹ nílò ẹni tó lè fi kọ̀ǹpútà tún wọn mú mọ́ra. Lórí ọ̀pọ̀ Volkswagen, immobiliser wà nínú mítà dáṣíbọ́ọ̀dù láti nǹkan bí ọdún 2000, kóòdù àṣírí ló sì ń ṣí i. Bí ẹnì kan bá ń fọwọ́ méfò tẹ kóòdù náà, yóò ti ara rẹ̀ pa mọ́ ọn fún ìgbà kan. Ẹ ṣàdéhùn kí ẹ tó sanwó: bí ọkọ̀ kò bá jí, ọjà yóò padà. Ẹ má sì fi bíréènì àtijọ́ yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kí èyí tí ẹ rà tó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ jẹ́ káwọn pa síkiọ́rítì rẹ́ nínú bíréènì, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ó ṣeé ṣe, ó sì máa ń yá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni òfin ti sọ immobiliser di dandan fún ọkọ̀ tuntun nílẹ̀ Yúróòpù. Amẹ́ríkà kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Kia àti Hyundai ta ọ̀pọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 2011 sí 2021 láìfi immobiliser sí wọn, ó sì wá di pé àwọn ọmọ kékeré ń fi orí wáyà USB yí ihò kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ń fi fídíò rẹ̀ hàn ara wọn lórí TikTok. Ní ọdún 2023 ni iléeṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníbàárà ní àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá pa tirẹ̀ rẹ́ ti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di ọ̀kan náà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹ bá ra Hyundai tàbí Kia tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní immobiliser rárá, kí ẹ lè tètè ra irin ìdè sítíàríǹgì.

Èyí tó kù wà fún ẹni tí kò tíì ra ọkọ̀. Ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ béèrè gbogbo kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan jí ọkọ̀, kì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan. Bí iná check engine kò bá tàn kí ẹ tó yí sítáàtà, ẹ fura, torí àwọn kan máa ń yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n lẹ nǹkan bò ó. Ẹ so ẹ̀rọ síkáànì mọ́ ọn, kódà èyí kékeré tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́. Kò lè ka immobiliser ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n yóò fi ibi tí wọ́n kọ readiness sí hàn yín, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí bíréènì ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bá ní òun kò tíì parí, ẹnì kan ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́ tàbí kó tú bátìrì. Lórí ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 2005, ẹ̀rọ yẹn lè ka nọ́ńbà ṣáṣíì láti inú bíréènì. Ẹ fi wé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bí wọn kò bá bára mu, bíréènì ọkọ̀ mìíràn lẹ fẹ́ rà yẹn.

Kí ẹ sì fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin rẹ̀. Ìlà ẹrẹ̀ tó bá wà níbẹ̀ ń sọ ibi tí omi dé. Ìjì Katrina ọdún 2005, Sandy ọdún 2012, Harvey ọdún 2017, ọkọ̀ rẹpẹtẹ ló rì sínú omi ní Amẹ́ríkà nígbà wọ̀nyẹn, wọn kò sì sọ gbogbo wọn di àlòkù irin. Ẹ ṣí ilẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wo orí bóòtù ìjókòó bó bá ti dípẹtà. Bí ẹ bá fa púlọ́ọ̀gì bíréènì yọ tí ẹ rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé lẹ́nu irin rẹ̀, ẹ kí ẹni tó ń tà á pé ó dàárọ̀. Lórí ìkànnì NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìbánigbófò àti olè ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ lè fi nọ́ńbà ṣáṣíì wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá wọ́n ti kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olè tàbí fún ìbàjẹ́ ńlá.

Bí ẹ bá rà á tán, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló sì bá a dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìkejì ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì ń jí ọkọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, kọ́kọ́rọ́ dúdú ni àgbà, òun ló lè fi àwọn mìíràn hàn immobiliser. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú kò lè ṣe é. Bí gbogbo kọ́kọ́rọ́ àgbà bá sọnù, wọ́n ní láti tú àpótí náà sílẹ̀ láti tún ìrántí rẹ̀ ṣe, owó rẹ̀ sì ju ti kọ́kọ́rọ́ kejì lọ fíìfíì.